Ìpara Òṣùpá

"Yọ fìlà yẹn," ni Màdámà wí. "Ó ń ṣíji bo iwájú orí ẹ."

Ìyàwó yọ fìlà. Oòrùn ọ̀sán bọ́ lé e lórí bí ìgbà tí wọ́n da omi gbígbóná síni lára. Orí òrùlé pẹrẹsẹ tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n wà, níbi tí wọ́n ti máa ń sá àwọn ike ìpara tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó kalẹ̀ fún un níbi tí òjìji táńkì omi kò lè dé. Màdámà fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ agboòrùn, ó ń mu omi tútù. Onífọ́tò dúró tì í, ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ó ń nu òógùn ojú. Kò tíì sí ohun tó máa yà, nítorí ara Ìyàwó kò tíì pọ́n tó.

"Màdámà, ẹ jẹ́ ká ya èyí tó wà ńlẹ̀ yìí," ni onífọ́tò wí. "Imú wọn ti pọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn náà ti pọ́n."

"Ìyẹn lo pè ní pípọ́n? Ọmọdé tó sunkún máa ń pọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní láti jọ pé ó jóná. Bí kò bá jóná, kí la fẹ́ sọ pé a wò sàn?"

Onífọ́tò wo bàtà ara rẹ̀.

Ìyàwó pa ojú dé, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ náà gba inú ìpéǹpéjú wọlé, ó pupa yòò. Àfín ni. Láti kékeré ló ti mọ bí oòrùn ṣe ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀: á kọ́kọ́ máa yún un, lẹ́yìn náà á máa ta á, tó bá yá, á wá dà bíi pé awọ ara rẹ̀ ti kéré jù fún òun fúnra rẹ̀, bí aṣọ tó súnkì lẹ́yìn ìfọ̀. Ní báyìí, èjìká rẹ̀ ti dé ibi títa. Ó ń gbọ́ ìró mọ́tò nísàlẹ̀. Ó ń gbọ́ bí yìnyín ṣe ń kan ara wọn nínú ife Màdámà.

"Àǹtí," ni ó wí láìla ojú, "ẹ̀yìn etí mi ń ta mí."

"Ta ni oòrùn kì í ta? Fara dà á. Kò ní pẹ́ mọ́."

Nígbà tó yá, Màdámà dìde, ó wá tẹ ìka mọ́ èjìká rẹ̀, ó yọ ìka náà, ó wo bí ibẹ̀ ṣe funfun tó sì tún pọ́n padà. Ó mi orí. "Ó ti tó. Yà á." Kámẹ́rà wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún: iwájú, ẹ̀gbẹ́, ọrùn, imú tí awọ rẹ̀ ti ń là. "Má rẹ́rìn-ín o," ni Màdámà ń wí. "Ẹ̀rín ń bẹ níwájú. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó ń dùn ẹ́." Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò láti kọ́ Ìyàwó ní ìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n mú un sọ̀kalẹ̀ sínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Omi tútù wà ńbẹ̀ nínú bàsíà, ìpara wà lórí tábìlì. Ó fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi mọ́ ara díẹ̀díẹ̀ títí iná ara náà fi rọlẹ̀, ó wá fi ìka méjì bu ìpara, ó ń fi í pa ara láìfi agbára ra á. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí ara rẹ̀ á fi bó, tí yóò sì tún dán. Kò gbọdọ̀ tẹsẹ̀ síta títí dìgbà náà. Ọjọ́ tí ara bá ti tutù dáadáa, onífọ́tò á tún padà wá, wọn á fi àtíkè díẹ̀ bo ojú rẹ̀, wọn á sì ní kó rẹ́rìn-ín. Wọn á wá gbé fọ́tò méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Lábẹ́ wọn ni wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí: *Fi Òṣùpá pa ara, kí o máa bá oòrùn ṣeré.*

Òṣùpá. Orúkọ Ìyàwó fúnra rẹ̀ nìyẹn, orúkọ tí ọkọ rẹ̀ ń pè é nínú ilé.

Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni ọkọ rẹ̀, aláwàdà èèyàn. Ó máa ń sọ pé, "Oòrùn kan ti wà lókè tí kò ṣe é wò. Òṣùpá tí mo lè wò lójú ni mo fẹ́." Òun ló máa ń ra fìlà akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀ wálé láti ibi tó bá wa ọkọ̀ dé, òun náà ló máa ń gbé agboòrùn tí wọ́n bá jọ ń lọ lójú títì, tí àwọn èèyàn á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di ọmọ ọ̀dọ̀ ìyàwó. Á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀, owó oṣù mi dára." Inú ilé ìdáná wọn ni Ìyàwó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í po ìpara náà. Ó ń yọ́ òrí lórí iná jẹ́jẹ́, ó ń da àdí àgbọn sí i, tó bá ti ń tutù, á fi omi yíyọ̀ tó wà nínú ewé ahọ́n erin sí i, á máa lù ú títí yóò fi funfun bíi fọ́ọ̀mù. Ara rẹ̀ ló ń ṣe é fún. Bí oòrùn bá kàn án lójú ọ̀nà, ìpara náà á tù ú. Ṣùgbọ́n kò fìgbà kan rí sọ pé ó lè dúró láàárín òun àti oòrùn. Iṣẹ́ fìlà nìyẹn, iṣẹ́ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, iṣẹ́ ọkọ rẹ̀.

Bíréèkì ọkọ̀ akẹ́rù náà já lórí afárá. Wọ́n kò gbé e délé láàyè.

Màdámà ni ẹ̀gbọ́n tí wọ́n bí ọkọ náà lé. Níbi ìsìnkú, lójú gbogbo ẹbí, ó fa Ìyàwó àti ọmọ tó bí fún olóògbé mọ́ra, ó ní, "Ilé mi nilé yín. Ẹ̀yin méjèèjì kò ní jìyà lójú mi." Àwọn èèyàn sunkún, wọ́n gbàdúrà fún un. Kì í sì í ṣe irọ́ ló pa nígbà náà. Ó fún Ìyàwó ní yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fi ọmọ náà sí ilé ìwé tó dára, ilé ìwé tí bàbá rẹ̀ kò lè ronú kàn láé. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ náà, nítorí pé ó ga, ó sì tín-ín-rín. Àwọ̀ bàbá rẹ̀ ló mú, dúdú bíi kóró iṣin. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kéré fún ẹni méjì, Màdámà sì ní kí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ máa sùn lọ́dọ̀ òun lójúlé kejì, níbi tí iná kì í ti í lọ, kó lè rí ìwé kà, kó sì máa pe òun ní Màmá Ńlá. Ta ló máa kọ ìyẹn?

Nígbà tí Màdámà rí ìpara tí Ìyàwó ń pò fún ara rẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "O wá ń fi irú nǹkan báyìí pamọ́?" Kò pẹ́ tí ìpara náà fi gba gbogbo ṣẹ́ẹ́fù. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí oòrùn fi bá Ìyàwó níbi tó ti ń já ẹrù níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí ojú rẹ̀ wú, tí ọrùn rẹ̀ bó. Màdámà fi fóònù yà á. Nígbà tí ara náà sàn, ó tún yà á. Gbogbo ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ló tán kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Láti ìgbà náà ni oòrùn ti di ara iṣẹ́ Ìyàwó.

Ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Àǹtí, ẹ dákun, ara mi kò lè gbé e mọ́. Mò ń bá yín po ìpara, mò ń fọ ike, mò ń gbálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí tó."

Màdámà kò bú u, kò sì jágbe mọ́ ọn. Ó ní, "Kò burú." Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò yà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nígbà tó ti ilé ìwé dé. Kò yà lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí Ìyàwó béèrè, Màdámà ní, "Ó ń kàwé. O kò fẹ́ kó kàwé ni?" Nígbà tó tún béèrè, ohùn Màdámà yí padà díẹ̀. "Gbọ́, Ìyàwó. Ọ̀nà là. Bó o bá fẹ́ lọ lónìí, n kò ní di aṣọ ẹ mú. Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò mi kò ní bá ẹ rìn gbéregbère kiri. Ọmọ wa ni. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà lọ bi wọ́n."

Kò sí ẹni tí Ìyàwó fẹ́ bi. Àwọn òbí rẹ̀ ti kú, ẹbí ọkọ rẹ̀ sì ń gba ìpara ọ̀fẹ́. Ó dúró títí tí ọkàn rẹ̀ kò fi gbà á mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, òun fúnra rẹ̀ gun àtẹ̀gùn lọ sórí òrùlé, ó yọ fìlà, ó jókòó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sáré wọlé pẹ̀lú báàgì ìwé lẹ́yìn, tó dì mọ́ ọn. Ìyàwó jẹ́ kó dì mọ́ òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ibi tí ọwọ́ ọmọ náà kàn ló ń ta á bí iná.

Ohun tó wà lẹ́yìn etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí rorẹ́. Ó fi ìpara sí i. Ó di, ó tún là. Ó ń gbẹ lójú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ nísàlẹ̀. Ó di pé tó bá jí láàárọ̀, á ti lẹ̀ mọ́ ìrọ̀rí.

"Àǹtí, mo fẹ́ kí dókítà bá mi wo egbò yìí."

Màdámà ń to ike sínú páálí. Kò gbójú sókè. "Dókítà wo?"

"Èyíkéyìí. Wọ́n ní ọ̀kan wà ní ọsibítù ńlá tó ń wo awọ ara."

"Kí wọ́n wá rí ẹ ńbẹ̀? Ìwọ tí ojú ẹ wà lára gbogbo ògiri ìgboro yìí? Ta ló máa ra ìpara awọ lọ́wọ́ ẹni tó ń tò síwájú dókítà awọ?" Ó wá gbójú sókè, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ti ìyá. "Egbò lásán ni. Màá ra oògùn apakòkòrò fún ẹ. Máa we gèlè bò ó."

Bó ṣe ń we gèlè bò ó nìyẹn, títí di ọjọ́ ìpàtẹ ọjà.

Gbọ̀ngàn ńlá kan ni wọ́n ti ṣe é, àwọn oníṣòwò oríṣiríṣi to tábìlì kalẹ̀. Tábìlì Òṣùpá ló wà níwájú, fọ́tò Ìyàwó sì ga lẹ́yìn rẹ̀ ju ènìyàn lọ. Wọ́n wọ̀ ọ́ ní aṣọ funfun, wọ́n we gèlè fún un dé ìsàlẹ̀ etí. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ ilé ìwé, ó ń pín ìwé ìléwọ́. Àwọn tó wá ra ìpara ń tò kọjá níwájú Ìyàwó, wọ́n ń fọwọ́ pa á lápá. "Ẹ wò ó, ó jọ̀lọ̀!" "Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ kì í lo agboòrùn mọ́?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín láìdáhùn.

Obìnrin kan wá kàn. Ọ̀dọ́ ni, ó fi ọmọ pọ̀n. Ó yí ẹ̀gbẹ́ kí Ìyàwó lè rí ọmọ náà, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni tó wá fi ọmọ han ìyá rẹ̀ àgbà. Àfín ni ọmọ náà. Kò tíì ju kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rìn lọ. Ètè rẹ̀ ti là, awọ iwájú orí rẹ̀ ń ṣí bí ọ̀dà ara ògiri tó ti gbó, egbò kékeré kan sì wà lókè imú rẹ̀.

"Ẹ̀yin gan-an ni mo wá rí, Àǹtí," ni ìyá ọmọ náà wí. "Tẹ́lẹ̀, mo máa ń dì í pinpin ni. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, fìlà, ìbọ̀sẹ̀. Àwọn aládùúgbò á ní ṣé ẹrù ni mo dì ni. Ọjọ́ tí mo rí fọ́tò yín, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo kó gbogbo fìlà ẹ̀ fún èèyàn. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́ ni mò ń fi Òṣùpá pa á. Ara ẹ̀ ṣì ń bó díẹ̀, ni mo fi ní kí n wá bi yín: ṣé kò tíì mọ́ ọn lára ni? Ìgbà wo ni tiyín bẹ̀rẹ̀ sí í rí oòrùn láìjóná?"

Ìyàwó wo ọmọ náà. Ọmọ náà ń ṣẹ́jú, ó ń gbìyànjú láti fi ojú pamọ́ sí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ nítorí iná gbọ̀ngàn. Ó wo Màdámà, tó ń bá àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín nítòsí. Ó wo ẹnu ọ̀nà níbi tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà. Ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà máa ná òun kó tó la ẹnu. Kò sì mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ là.

"Ẹ bò ó."

"Ẹ ní kí ni, mà?"

"Ẹ bò ó lórí. Nísinsìnyí. Ẹ padà lọ gba àwọn fìlà ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí oòrùn rí i rárá. Ìpara yìí máa tù ú lára, kò lè gbà á sílẹ̀. Kò sí ìgbà tí oòrùn kan ara mi tí kò jóná. Wọ́n ń sá mi ni, ìyá. Wọ́n ń sá mi sórí òrùlé kí n lè jóná, kí wọ́n lè ya fọ́tò."

Ó fa gèlè. Ó fẹ́ ṣí etí nìkan ni, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ tú bọ́ sí i léjìká, àwọn tó wà nítòsí sì rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan pariwo. Òmíràn fọwọ́ bo imú.

Màdámà kò sáré. Ó rìn wá jẹ́jẹ́, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ olóòtú ìpàtẹ náà, ó fi ọwọ́ kejì gbá Ìyàwó mọ́ra. Omi wà lójú rẹ̀. Bóyá omijé tòótọ́ ni. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin èèyàn mi," ni ó wí. "Ìyàwó àbúrò mi tó kú ni. Láti ọjọ́ tí ọkọ ẹ̀ ti lọ, ọkàn ẹ̀ kò fìgbà gbogbo wà níbi kan. Àwa la mọ ohun tí à ń fara dà nínú ilé. Ẹ bá wa fi í sádùúrà."

Àánú ṣe àwọn èèyàn. "Ó mà ṣe o." "Ọlọ́run á bù kún yín, Màdámà." Wọ́n tún tò. Ìpara tí wọ́n rà lẹ́yìn ìyẹn pọ̀ ju ti àárọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà kò tò mọ́. Ó ti tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń yára lọ sẹ́nu ọ̀nà. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló yà fún un. Ìwé ìléwọ́ ti já bọ́ lọ́wọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára etí ìyá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, Màdámà gba fóònù Ìyàwó. "Sinmi," ni ó wí. "O ti ṣiṣẹ́ jù." Ó ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọn láti ìta. Oúnjẹ ń wọlé lásìkò, omi ń wọlé, kọ́kọ́rọ́ á sì tún dún. Fèrèsé yàrá náà ga, irin sì wà lójú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbọ́ mímí ẹnì kan lábẹ́ rẹ̀.

"Màmá?"

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́! Ta ló mú ẹ wá?"

"Mo sọ fún Màmá Ńlá pé mo fẹ́ lọ ra bírò. Màmá, ṣé etí yín ń dùn yín?"

"Rárá. Ó ń yún mí lásán ni."

Ọmọ náà sún mọ́ ògiri. "Tí ẹ bá ń lọ sórí òrùlé, ẹ máa ń sọ fún mi pé ẹ fẹ́ lọ sá ike ni."

Ìyàwó fi iwájú orí ti ògiri. "Lọ ra bírò ẹ," ni ó wí, "kí wọ́n má baà wá ẹ."

Ìyá ọmọ àfín yẹn ló mú nǹkan yí padà. Láti gbọ̀ngàn, ọsibítù ńlá ló gbà lọ tààrà, ó sì ròyìn gbogbo ohun tó rí fún dókítà awọ ara tó wo ọmọ rẹ̀. Obìnrin ni dókítà náà, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù náà lójú oníbàárà, ó ní òun fẹ́ rí obìnrin tó wà nínú fọ́tò. Màdámà rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe é! Ọ̀dọ̀ yín gan-an la ti fẹ́ máa gbé e bọ̀." Ó sì wọ ọkọ̀ bá wọn lọ, ó di Ìyàwó lápá mú bí ẹni tó ń mú ìyàwó tuntun lọ sílé ọkọ.

Dókítà wo etí náà pẹ́. Ó fọwọ́ wá ọrùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró níbi kan. "Láti ìgbà wo lẹ ti rí i?"

"Kò tíì pẹ́," ni Màdámà dáhùn.

"Màdámà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró lóde díẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé, Ìyàwó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dókítà kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó kàn ń wò ó. "Jẹjẹrẹ awọ ara ni," ni ó wí níkẹyìn. "Ká ní ẹ wá nígbà tó wà bíi rorẹ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ la máa fi gé e kúrò, ẹ̀yin náà á sì fẹsẹ̀ yín rìn lọ sílé. Ní báyìí, ó ti wọ ọrùn. A máa gé etí náà, a máa gé ibi tó bá ṣe é gé." Ó mí kanlẹ̀. "Ta lẹ ní tó máa dúró tì yín? Ẹni tó máa fọwọ́ sí i, tó máa gbọ́ bùkátà rẹ̀?"

Ìyàwó ronú. Gbogbo ibi tí ọkàn rẹ̀ gbà lọ, ó padà já sí ẹnu ilẹ̀kùn kan náà.

"Ó wà lóde," ni ó wí.

Dókítà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Ó fi ẹjọ́ sun àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ohun ìpara wò. Wọ́n wá, èèyàn rere ni wọ́n, wọn kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n mú ìpara náà lọ yẹ̀ wò, wọ́n sì mú èsì padà: òrí ni, àdí àgbọn ni, ahọ́n erin ni. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Nígbà tí dókítà bi wọ́n léèrè pé òrùlé ńkọ́, ọ̀gá wọn ní ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn, àti pé kò sí òfin kankan tó ní kí èèyàn má jókòó nínú oòrùn. Ẹ̀dà èsì náà ni Màdámà fi sínú férémù, tó gbé kọ́ sẹ́yìn káńtà.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Màdámà ló fọwọ́ sí i, òun náà ló san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé ẹ̀gbọ́n ọkọ bí irú èyí ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí ojú Ìyàwó là dáadáa, dókítà jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sọ òtítọ́ fún un: wọ́n ti gé èyí tí wọ́n rí gé. Èyí tí wọn kò lè dé ibi tó wà ṣì kù.

"Ọmọ mi ńkọ́?" ni Ìyàwó wí. "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí n rí ọmọ mi."

Màdámà gbà. Ó mú Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó gbé agbọ̀n èso kan dání tí wọ́n fi rípọ́ọ̀nù dì. Onífọ́tò tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

"A fẹ́ ya ẹyọ kan péré," ni Màdámà sọ fún nọ́ọ̀sì. "Àwọn oníbàárà ń béèrè rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ pé Òṣùpá kì í gbàgbé àwọn tirẹ̀." Ó gbé agbọ̀n náà lé àyà Ìyàwó. Ó tún báńdéèjì orí rẹ̀ ṣe kí ó lè funfun dáadáa nínú fọ́tò. "Pẹ́lẹ́ńgẹ́, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ. Di ọwọ́ wọn mú. Bẹ́ẹ̀ ni. Onífọ́tò, báwo ni?"

Onífọ́tò kò wo ojú Ìyàwó. "Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dára," ni ó wí wúyẹ́wúyẹ́.

Oòrùn gba fèrèsé wọlé, ó na gbọọrọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì bọ́ sí ojú Ìyàwó. Ó fẹ́ yí ojú kúrò, ọrùn rẹ̀ kò yí. Ó pa ojú dé.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ti ìyá rẹ̀. Ó lọ síbi fèrèsé, ó fa kọ́tìnì, ó pa á dé ràì.

"Ṣí i, ọmọ mi," ni Màdámà wí. "Wọn kò ríran ya fọ́tò."

"Rárá, Màmá Ńlá."

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́."

Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì di etí kọ́tìnì náà mú pọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó dúró ṣánṣán. Nọ́ọ̀sì wo Màdámà, ó sì bojú wo ibòmíràn.

Màdámà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fa àga kan sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan.

"Kò burú," ni ó wí. "Kò sí ẹni tó ń lé wa. A máa dúró díẹ̀. Oòrùn ń yí lọ, kò ní pẹ́ dé ojú fèrèsé kejì."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ yíjú wo fèrèsé kejì. Ó gbòòrò ju èyí tó dì mú lọ. Kò ní kọ́tìnì.